Ẹrù Àkọ́kọ́ Lórí Afárá Àfọ̀n

Kí Ọnọrébù Lájídé tó sọ̀ kalẹ̀ nínú jíìpù rẹ̀, ènìyàn mẹ́ta ló ní láti kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ yóò ṣí agboòrùn, ì báà jẹ́ pé oòrùn wà tàbí kò sí. Ẹni kejì yóò gba fóònù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni kẹta, Destiny, kì í gba nǹkan kan, nítorí iṣẹ́ tirẹ̀ ń fẹ́ ọwọ́ méjèèjì: àtẹ́wọ́ ló ń pa. Bí ẹsẹ̀ ọ̀tún ọ̀gá bá kan ilẹ̀, Destiny á pàtẹ́wọ́. Bí ẹsẹ̀ òsì bá tẹ̀ lé e, á tún pa á, á sì pariwo pé, "Ẹsẹ̀ tí ń tún ilẹ̀ ṣe!" Ilẹ̀ ọ̀hún, kí n má purọ́, bó ṣe wà náà ló ṣe wà.

Ṣáájú kí wọ́n tó fi Lájídé ṣe alága Ìgbìmọ̀ Afárá àti Ọ̀nà Oko, táyà ló ń tà ní Kàbà. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni nígbà náà, ẹnu ara rẹ̀ ló sì fi ń kí ènìyàn. Ìgbà tó dé orí àga ni ẹnu náà wúwo. Bí ẹ bá kí i pé, "Okun o," Destiny ni yóò dá yín lóhùn: "Ọnọrébù ti gbọ́. Wọ́n ní okun."

Oṣù kejì tó gba oyè ni wọ́n kó àwọn alága lọ sí ìpàdé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta ní Àbújá. Ó sùn lọ́jọ́ kìíní. Ó sùn lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ kẹta, ó lajú gẹ́lẹ́ bí olùkọ́ náà ṣe ń pa òwe òyìnbó kan. Ní Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n pa á, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé: má fi ọmọlanke ṣíwájú ẹṣin. Òwe náà dùn mọ́ Lájídé nínú. Ó kọ ọ́ sí ẹ̀yìn káàdì oúnjẹ, ó fi sínú fìlà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni olùkọ́ fẹ́ máa sọ nígbà tí wọ́n kéde pé oúnjẹ ti délẹ̀, Lájídé sì ti dìde.

Bí òwe tí kò ní ìtumọ̀ ṣe wọ ìlú wa nìyẹn. Bí àgbẹ̀ bá béèrè ìgbà tí wọn yóò tún ọ̀nà oko ṣe, Ọnọrébù á gbé ọwọ́ sókè: "Má fi ọmọlanke ṣíwájú ẹṣin!" Bí ìyàwó rẹ̀ bá béèrè bóyá ìrẹsì ni òun yóò sè tàbí iyán: "Má fi ọmọlanke ṣíwájú ẹṣin!" Lójú tirẹ̀, ohun tí òwe náà túmọ̀ sí ni pé, Ta ló bi ọ́? Ẹnikẹ́ni kò bá a jiyàn. Ta ni yóò bá ẹni tó ní agboòrùn tirẹ̀ jiyàn lórí Gẹ̀ẹ́sì?

Ọmọ Òkè-Àfọ̀n, abúlé wa tí kò jìnnà sí Kàbà, ni Lájídé. Odò Àfọ̀n ló wà láàárín àwa àti ọ̀nà ńlá. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, omi rẹ̀ kò ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ. Agbọ̀n ìfọṣọ pàápàá máa ń há sí i. Ṣùgbọ́n bí òjò oṣù karùn-ún bá ti rọ̀ lórí àwọn òkè, odò náà á gbàgbé ọjọ́ orí rẹ̀, á máa sáré, á máa wó igi. Nítorí náà ni àwọn baba wa fi ń gbé afárá onígi kalẹ̀ lọ́dọọdún, ní oṣù kẹrin, ní ibi tí odò ti fún láàárín òkúta méjì. Ọ̀wẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é: ilé kọ̀ọ̀kan á mú ọkùnrin kan wá, obìnrin á sè, mùsùlùmí á fa okùn lọ́tùn-ún, onígbàgbọ́ á fà á lósì, kí ọ̀sán tó pọ́n wọ́n á ti parí.

Òfin kan wà lórí afárá yìí tí kò sí nínú ìwé kankan. Ẹni tó bá pàṣẹ pé kí wọ́n gbé e kalẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ kọjá lórí rẹ̀, pẹ̀lú ẹrù lórí. A kì í lọ lọ́wọ́ òfo, a kì í sì í rán ènìyàn. Ẹrù àkọ́kọ́ ni wọ́n ń pè é. Bí igi náà yóò bá ṣẹ́, kí ó ṣẹ́ lábẹ́ ẹni tó ní ó dára. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé òfin yìí kalẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré ni afárá Àfọ̀n ṣẹ́, olórí ọ̀wẹ̀ ọdún náà sì ni ó bá a lọ, òun àti apẹ̀rẹ̀ iṣu rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó tún fi igi jíjẹrà ṣe afárá mọ́.

Ní oṣù kìíní, nígbà tí ọyẹ́ ń gbẹ ètè ènìyàn, Ọnọrébù Lájídé wá ṣí afárá kọnkéré.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ohun tí mo sọ. N kò sọ pé ó wá kọ́ ọ. Ṣíṣí ló wá ṣí i. Kánópì mẹ́rin wà níbẹ̀. Òpó méjì wà níbẹ̀, ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ Kàbà, ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ tiwa, wọ́n kun wọ́n ní ọ̀dà funfun àti àwọ̀ ewé. Àwòrán Ọnọrébù wà lára ti Kàbà, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Òkúta dídán kan tí wọ́n fín orúkọ rẹ̀ sí lára wà lára tiwa. Láàárín òpó méjèèjì, òjá pupa kan gùn láti èbúté dé èbúté. Lábẹ́ òjá yìí, ewúrẹ́ méjì ń kọjá lọ.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi!" Ọnọrébù ké sínú gbohùngbohùn. "Lónìí, ìyà ti kú! Lónìí, ẹsẹ̀ yín ti bọ́ lọ́wọ́ omi! Odò Àfọ̀n, ìwọ tí o ti ń yọ baba wa lẹ́nu, èmi Lájídé fún ọ ní ìwé ìfẹ̀yìntì! Láti òní lọ, odò tó ti fẹ̀yìn tì ni ọ́!"

"Ẹ̀rù ń ba odò!" ni Destiny kígbe, ó ń pàtẹ́wọ́. "Ẹ wò ó bó ṣe dákẹ́!"

Òótọ́ ni, odò náà dákẹ́. Omi kò sí nínú rẹ̀.

Ọnọrébù gé òjá. Gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́, nítorí pé ìrẹsì wà nínú kúlà, wọn kò sì tíì pín in. Ìgbà náà ni Bàbá Láwọ̀yín dìde. Òun ni olórí ọ̀wẹ̀ láti ogún ọdún sẹ́yìn, arúgbó tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí ohùn rẹ̀ kì í sì í lọ sókè.

"Ọnọrébù, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbéèrè kékeré kan ni mo ní. Ta ni yóò ru ẹrù àkọ́kọ́?"

"Ẹrù kín ni, Bàbá?"

"Ẹrù àkọ́kọ́. Ẹ ti ṣí i. Ẹni tó bá ṣí i ni í kọ́kọ́ gbà á kọjá." Ó tọ́ka sí òfuurufú tó wà láàárín òpó méjèèjì. "Mo ń wá ibi tí ẹ ó gbà."

Àwọn obìnrin fi ìborùn bo ẹnu. Ọnọrébù fa fìlà rẹ̀ síwájú bí ẹni tó ń wo ibi tí káàdì oúnjẹ wà, ó sì ké pé, "Bàbá! Má fi ọmọlanke ṣíwájú ẹṣin!"

Destiny pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ rẹ̀ fi pọ́n. Wọ́n pín ìrẹsì. Bàbá Láwọ̀yín kò jẹ níbẹ̀.

Afárá tí kò sí náà kò ṣe aláìní òfin. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, pátákó kan ti dúró létí odò. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tutọ́ láti orí afárá. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sáré lórí afárá. Ewúrẹ́ gbọ́dọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ òsì. Ọkùnrin tó bá dé àárín afárá gbọ́dọ̀ ṣí fìlà fún ọlá ẹni tó kọ́ ọ. Wọ́n fi Moses, ọmọ ìyá Destiny, ṣe ẹ̀ṣọ́ afárá. Wọ́n rán aṣọ fún un, wọ́n fún un ní fèrè, ó sì ń jókòó lábẹ́ òpó láràárọ̀, ó ń ṣọ́ afẹ́fẹ́. Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí fún Moses: ó fi tọkàntọkàn ṣe iṣẹ́ náà. Ewúrẹ́ tó bá gba ọ̀tún, fèrè ni.

Ní oṣù kẹta ni lẹ́tà dé láti ọ́fíìsì Ọnọrébù. Nítorí pé afárá onígi yóò dójú ti afárá kọnkéré, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé igi sórí odò Àfọ̀n mọ́. Ẹni tó bá gbé e, ọlọ́pàá ni yóò bá a sọ̀rọ̀.

Bàbá Láwọ̀yín gbọ́ lẹ́tà náà títí dé òpin. Ó ní kí wọ́n tún un kà. Lẹ́yìn náà ó lọ sínú igbó pẹ̀lú àwọn ọkùnrin mẹ́jọ, wọ́n gé igi àyìn mẹ́rin tó gùn dáadáa, wọ́n bó èèpo wọn, wọ́n sì tò wọ́n sẹ́yìn mọ́ṣáláṣí. "Lẹ́tà ní ká má gbé igi sórí odò," ló wí. "Kò ní ká má gbé e sẹ́yìn mọ́ṣáláṣí."

Ẹnì kan wà tí ọ̀rọ̀ yìí ká lára ju gbogbo wa lọ. Adétutù ni, ìyàwó Túndé, ìyá ọmọ méjì, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Gààrí ló ń yan. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti jókòó fún ìdánwò àṣejáde ilé-ẹ̀kọ́ girama, ó yege nínú gbogbo iṣẹ́, àfi Gẹ̀ẹ́sì. Ilé-ẹ̀kọ́ ìlera kan ti fún un ní àyè, wọ́n sì kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé bí Gẹ̀ẹ́sì kò bá sí nínú èsì ọdún yìí, kí ó má wá mọ́. Ẹlòmíràn ni wọn yóò fún. Ní ìrọ̀lẹ́, tí iná gààrí bá ti kú, yóò lọ bá Tísà Boaz lábẹ́ igi máńgòrò ṣọ́ọ̀ṣì, yóò sì máa kẹ́kọ̀ọ́ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ìwé tí ó fi ń kọ nǹkan ń rùn èéfín.

Ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì bọ́ sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ní oṣù kẹfà, ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ní Kàbà. Odò wà láàárín.

Ní ìparí oṣù karùn-ún, omi ti ga dé orúnkún ní ọjọ́ tí òjò kò tilẹ̀ rọ̀. Adétutù wọ aṣọ tó dára, ó lọ sí ọ́fíìsì Ọnọrébù.

"Okun o, sà."

"Ọnọrébù ti gbọ́," ni Destiny dáhùn. "Wọ́n ní okun. Kí lo fẹ́?"

"Ọnọrébù sà, nítorí odò ni. Mo ní ìdánwò lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yẹn lọ́hùn-ún. Bí òjò bá rọ̀ mọ́jú, n kò ní lè kọjá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí Bàbá Láwọ̀yín gbé igi kalẹ̀ fún ọjọ́ kan péré. Tí mo bá ti padà, kí wọ́n kó o."

Ọnọrébù rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ọmọdé bi léèrè ibi tí oòrùn ń sùn. "Igi! Ìwọ ìyàwó Túndé, ṣé ìwọ kò rí afárá ni?" Ó tọ́ka sí fọ́tò ńlá kan lára ògiri. Afárá kan wà níbẹ̀, ó gùn, ó tẹ̀ bí òṣùmàrè, ọkọ̀ ojú omi alájà méjì sì ń kọjá lábẹ́ rẹ̀.

Adétutù wò ó dáadáa. "Sà, ọkọ̀ ojú omi kọ́ nìyẹn?"

"Ìdàgbàsókè ni!"

"Odò wa, sà? Nínú oṣù kìíní, pẹ́pẹ́yẹ ìyá ọkọ mi ń fẹsẹ̀ rìn kọjá nínú rẹ̀ ni."

Destiny bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rántí ibi tó wà, ó sọ ọ́ di ikọ́. Ojú Ọnọrébù korò. "Gbọ́, arábìnrin. Kọmíṣọ́nnà fúnra rẹ̀ ń bọ̀ láti Lọ́kọ́ja wá fi àmì-ẹ̀yẹ dá mi lọ́lá lórí afárá yìí. Tó bá dé tó rí igi lórí odò, kí ni yóò rò? Ìdánwò, ìdánwò! Má fi ọmọlanke ṣíwájú ẹṣin!"

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Adétutù jókòó lábẹ́ máńgòrò, kò ṣí ìwé.

"Tísà, òwe tí Ọnọrébù ń pa yẹn, kí ló túmọ̀ sí gan-an?"

Tísà Boaz bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún. Ọdún mẹ́tàdínlógójì ló fi kọ́ni, kò sì tíì kánjú dáhùn ìbéèrè rí. "Ẹṣin ló ń fa ọmọlanke, àbí? Ẹṣin ló yẹ kó wà níwájú. Ẹni tó bá wá fi ọmọlanke síwájú, tó fi ẹṣin sẹ́yìn, ó ti ṣe ohun tó yẹ kó gbẹ̀yìn ṣáájú ohun tó yẹ kó ṣíwájú. Bí ẹni tó ra fìlà fún ọmọ, tí kò tíì fẹ́ ìyàwó. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pa á fún. Wọn kì í fi pa ẹni tó ń béèrè ọ̀rọ̀ lẹ́nu mọ́."

"Ọnọrébù kò wá mọ̀ ọ́n lò nìyẹn."

"Ó mọ òwe náà bí ènìyàn ṣe ń mọ orúkọ aládùúgbò tí kò kí rí." Ó gbé awò rẹ̀ wọ̀. "Ṣí ìwé rẹ."

Àmì-ẹ̀yẹ tí Ọnọrébù ń sọ yìí, òun fúnra rẹ̀ ló kọ̀wé pé kí wọ́n fún òun. Ó fi fọ́tò afárá ọkọ̀ ojú omi náà sínú lẹ́tà. Ìrètí rẹ̀ ni pé wọn yóò fi àmì-ẹ̀yẹ ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n Kọmíṣọ́nnà, tó jẹ́ obìnrin, fèsì pé afárá náà wu òun púpọ̀, òun yóò sì wá fi ẹsẹ̀ ara òun tẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ tó mú ni ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn gan-an.

Ẹlòmíràn ì bá sá. Lájídé pe ìpàdé. Ètò tí òun àti Destiny ṣe nìyí: Destiny yóò dá Kọmíṣọ́nnà dúró ní Kàbà pẹ̀lú oúnjẹ àárọ̀ oríṣi méje, yóò máa fi iyán lé iyán títí obìnrin náà yóò fi gbàgbé pé afárá wà láyé. Ọnọrébù ní tirẹ̀ yóò sùn ní Òkè-Àfọ̀n, láti rí i pé ẹnikẹ́ni kò jáde lọ tú àṣírí. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé, ó gbé jíìpù sí ẹ̀gbẹ́ odò lọ́hùn-ún, ó sì gun ẹ̀yìn Destiny kọjá nínú omi. Destiny kò lè pàtẹ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Itan ọ̀gá ló kún ọwọ́ rẹ̀.

Òjò bẹ̀rẹ̀ ní àṣálẹ́, kò dá títí ilẹ̀ fi mọ́.

Nígbà tí ojúmọ́ mọ́, odò tó ti fẹ̀yìn tì ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó pupa, ó ń hó, ó ń gbé gbòǹgbò igi lọ bí ẹni gbé koríko. Adétutù ti wà létí rẹ̀ ní aago mẹ́fà àbọ̀, ó fi ọ̀rá wé ìwé ìdánwò rẹ̀ mọ́ àyà. Kò sunkún, kò pariwo. Ó kàn ń wo omi náà bí ẹni tó ń ka lẹ́tà tí kò dára.

Ẹ̀yìn rẹ̀ ló ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ènìyàn. Bàbá Láwọ̀yín ni, pẹ̀lú àwọn ọkùnrin tó ru igi àyìn mẹ́rin. Tísà Boaz gbé okùn lọ́wọ́.

"Bàbá, lẹ́tà ńkọ́?" ni Adétutù béèrè. "Ọlọ́pàá ńkọ́?"

"Bí ọlọ́pàá bá fẹ́ mú mi, yóò nílò afárá kó tó dé ọ̀dọ̀ mi," ni Bàbá dáhùn. "Ẹ sọ okùn sí àwọn ọlọ́kadà lọ́hùn-ún."

Wọn kò tíì sọ ọ́ tí wọ́n fi rí Ọnọrébù Lájídé tó ń sáré bọ̀ láti ìlú. Agbádá rẹ̀ ti tutù dé ọrùn. Kò sí agboòrùn. Moses dìde lábẹ́ òpó, ó gbé fèrè sẹ́nu. Gbogbo wọn dúró, wọ́n ń retí kí ó ní kí wọ́n kó igi wọn kúrò.

"Ẹ gbé e kalẹ̀!" ló ń ké. "Ẹ tètè gbé e kalẹ̀, mo pàṣẹ!"

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé Destiny ṣẹ̀ṣẹ̀ pè é lórí fóònù. "Ọ̀gá, màdáàmù kò jẹun o!"

"Fi iyán lé e!"

"Wọ́n ní àwọn ń gbààwẹ̀, sà. Ọlọ́jọ́ mọ́kànlélógún. Wọ́n ti wà lọ́nà, èmi náà wà nínú mọ́tò wọn, ẹ gbọ́ bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́..."

Ọnọrébù wá ronú kíákíá, ó sì ronú dáadáa, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo nínú gbogbo ìtàn yìí. Òkúta dídán yẹn ló jẹ́rìí pé ó ti ṣí afárá. Bí kò bá sí òkúta, yóò sọ pé iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́, pé òpó ni wọ́n kọ́kọ́ ń rì. Kí ó yọ òkúta, kí ó sọdá, kí ó jù ú sínú jíìpù, kí ó lọ pàdé Kọmíṣọ́nnà lọ́nà. Ó fi irin yọ òkúta náà kúrò lára òpó fúnra rẹ̀, nígbà tí àwọn ọkùnrin ń fa igi, tí àwọn ọlọ́kadà sì ń so okùn mọ́ kùkùté. Ní aago méjọ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, afárá dúró: igi mẹ́rin, okùn kan fún ìdìmú.

"Ìwọ," Ọnọrébù tọ́ka sí ọkùnrin kan, "gbé òkúta yìí sọdá fún mi."

Ọkùnrin náà wo Bàbá Láwọ̀yín. Bàbá wo Lájídé, kò sì pè é ní Ọnọrébù mọ́.

"Lájídé ọmọ mi. Bí o kò bá dé, èmi ni ǹ bá pàṣẹ, èmi ni ǹ bá ru ẹrù àkọ́kọ́, nítorí Adétutù. Mo ti di gààrí tí mo fẹ́ rù sílẹ̀. Ṣùgbọ́n o sáré dé, o ní, Ẹ gbé e kalẹ̀, mo pàṣẹ. Gbogbo wa gbọ́. Ìwọ ló kàn."

"Bàbá, ẹ̀rù... òòyì ń kọ́ mi tí mo bá wo omi."

"Má wo omi. Wo iwájú."

"Ọnọrébù, ẹ jọ̀ọ́," ni Adétutù wí. "Bí ẹ kò bá lọ, ẹnikẹ́ni kò lè lọ. Aago mẹ́sàn-án ni wọ́n ń ti ilẹ̀kùn."

Bàbá Láwọ̀yín fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé òkúta náà lé e lórí, lórí fìlà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń dé oyè fún ènìyàn. Lájídé gun afárá. Ìṣísẹ̀ kan. Òmíràn. Agbádá rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn, ó wá hàn pé kò sanra tó bí a ṣe rò. Adétutù tẹ̀ lé e.

Ó dé àárín. Ó wo omi.

Ó dúró gbọin.

Fèrè dún lẹ́yìn. "Ọnọrébù!" ni Moses ké láti èbúté. "Ẹ ti dé àárín afárá o! Fìlà!"

Lójú òfin, Moses jàre. Ṣùgbọ́n òkúta wà lórí fìlà, ọwọ́ ọ̀tún di òkúta mú, ọwọ́ òsì di okùn mú. Ọkùnrin náà kò lè ṣí fìlà fún ọlá ara rẹ̀.

"Ẹ rìn, sà," ni Adétutù wí lẹ́yìn rẹ̀.

"N kò lè rìn."

"Ẹ má gbé ẹsẹ̀ o. Ẹ kàn máa wọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ ni. Èkejì. Tèmi wà lẹ́yìn yín, ẹ kò ní ṣubú."

Báyìí ló ń darí rẹ̀, bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní ìrìn, nígbà tí mọ́tò mẹ́ta dúró ní ẹ̀bá odò lọ́hùn-ún. Kọmíṣọ́nnà sọ̀ kalẹ̀, obìnrin kúkúrú kan tó wọ bàtà òjò. Kò sí ẹni tó ṣí agboòrùn fún un. Òun ló dì í mú fúnra rẹ̀. Ó wo òpó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó wo àwòrán tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó wo igi mẹ́rin. Ó wo ọkùnrin tó wà lórí wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tó wà lórí rẹ̀ sókè, nítorí pé ojú tí wọ́n fín ọ̀rọ̀ sí ló kọ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀:

"Afárá Kọnkéré Ọnọrébù Lájídé. A ṣí i fún ìlò gbogbo ènìyàn ní oṣù kìíní ọdún yìí." Ó gbé ojú sókè. "Okun o, Ọnọrébù. Níbo ni afárá náà wà?"

Destiny wà lẹ́yìn Kọmíṣọ́nnà. Kò sí ẹni tó dáhùn fún Lájídé lọ́jọ́ náà.

Ó la ẹnu. Ohun kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀. "Màdáàmù," ló wí, omi ń kán nímú rẹ̀, "mo... mo fi ọmọlanke ṣíwájú ẹṣin."

Láti èbúté tiwa, a gbọ́ ohùn Tísà Boaz, ohùn tó fi ń yin ọmọ kíláàsì: "Ó gbà á! Bí wọ́n ṣe ń lò ó gan-an nìyẹn!"

Bí Lájídé ṣe tẹ ilẹ̀, òkúta jábọ́ lórí rẹ̀ sínú ẹrẹ̀ lẹ́nu afárá. Adétutù kò dúró wò ó. Ó fo òkúta náà kọjá, ó kí Kọmíṣọ́nnà lórí ìrìn, ó gun ọ̀kadà. Aago méjọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún ni. Ìṣẹ́jú mẹ́fà péré ló kù kí wọ́n ti ilẹ̀kùn nígbà tó jókòó, ẹrẹ̀ sì wà lára rẹ̀ dé itan.

Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó parí, lẹ́tà ìyọnípò dé. Ní gbàgede ọ́fíìsì ni wọ́n ti kà á, nígbà tí akọ̀wé sì ka orúkọ Lájídé tó dé ibi tí wọ́n ti ní kó máa lọ sílé, Destiny pàtẹ́wọ́. Kò ní i lọ́kàn; ọwọ́ rẹ̀ ló ti mọ́ ọn. Alága tuntun yíjú wò ó, inú rẹ̀ sì dùn. Destiny ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Lájídé padà sídìí táyà. Ó ti ń fi ẹnu ara rẹ̀ kí ènìyàn. Ní oṣù kẹrin ọdún tó tẹ̀ lé e, ó wá sí ọ̀wẹ̀, ó sì fa okùn. Nígbà tí iṣẹ́ parí, tí gbogbo ojú yí sí i, ó ní, "Ẹ̀yin ará, èmi kọ́ ni mo pàṣẹ lọ́tẹ̀ yìí o!" Ẹ̀rín tí a rín lọ́jọ́ náà ló mú un padà wọ inú ìlú.

Òkúta rẹ̀ kò kúrò níbi tó jábọ́ sí. Orúkọ rẹ̀ wà lókè, ó tẹ́, ó sì wúlò: orí rẹ̀ ni gbogbo ẹni tó bá ń ti Kàbà bọ̀ ti ń nu ẹrẹ̀ bàtà kí ó tó gun afárá.

Oṣù kẹsàn-án ọdún ìdánwò yẹn ni èsì jáde. Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀. Adétutù gbé àpótí rẹ̀ sórí ní àárọ̀ ọjọ́ tí yóò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìlera, Tísà Boaz sì sìn ín dé etí odò. Kò tíì bi í ní ohun tó kọ rí. Ó ní ènìyàn kì í béèrè ìdáhùn kí èsì tó dé, nítorí ohun gbogbo ní ètò.

"Ní báyìí, mo lè béèrè. Àròkọ wo lo mú nínú márùn-ún?"

"Ìkẹrin, sà. Wọ́n ní ká sọ ìtàn kan tí yóò fi ìtumọ̀ òwe hàn. Nígbà tí mo rí òwe náà, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo nínú gbọ̀ngàn."

"Òwe wo?"

Adétutù wò ó, ó kàn ń rẹ́rìn-ín. Tísà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún, ó sì pẹ́ kí ó tó lè gbé e wọ̀ padà.

"Báwo lo ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀? Ka gbólóhùn àkọ́kọ́ fún mi."

Adétutù ti dé orí igi. Ó kà á ní Gẹ̀ẹ́sì láìyíjú padà, kò sì ṣi ọ̀rọ̀ kankan sọ. Ohun tó wí ni pé: "Afárá wa ti ní orúkọ kí ó tó ní igi."